Ẹ Bi Wá: Kí Ni Nọ́ọ̀bù Ojú Áńpù Yín Ń Ṣe Gan-an?

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé fún abala yìí lóṣù yìí, orí áńpù ni wọ́n dá lé, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń ki wáyà gìtá, béèsì tàbí kíbọ́ọ̀dù bọ̀ kí ohùn rẹ̀ tó jáde lẹ́nu sípíkà. A kò to ìdáhùn bí lẹ́tà ṣe wọlé. Bí ohùn ṣe ń rìn la ṣe tò ó, láti ihò tí wáyà ń wọ̀ títí dé ìdí sípíkà, nítorí pé ibi tí nọ́ọ̀bù kan wà lójú ọ̀nà yẹn ló ń sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà kò ní í máa yí nọ́ọ̀bù kiri lásán.

Ihò méjì ló wà lójú áńpù tí mo ń lò. Wọ́n kọ Hi sí ọ̀kan, wọ́n kọ Lo sí èkejì. Ẹnì kan sọ fún mi pé Lo ni ti béèsì, Hi ni ti gìtá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? — Oníbéèsì

Rárá o. Hi àti Lo kò sọ̀rọ̀ nípa ohùn gooro tàbí ohùn tó rinlẹ̀. Bí ohùn tó ń ti inú ohun èlò bọ̀ ṣe lágbára tó ni wọ́n ń sọ. Ihò Hi ń gba ohùn bó ṣe wá. Ihò Lo ń dín in kù kó tó wọlé, lórí ọ̀pọ̀ áńpù pẹ̀lú nǹkan bíi 6 dB (dB ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí ohùn ṣe pọ̀ sí i tàbí dín kù tó), ìyẹn ni pé ìdajì fóltéèjì rẹ̀ ló ń kọjá. Lórí áńpù béèsì, Passive àti Active ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, ihò Active sì ń dín ohùn kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 10 sí 15 dB.

Gìtá tàbí béèsì tí kò ní bátìrì nínú, Hi tàbí Passive ni kí ẹ fi wáyà rẹ̀ sí. Béèsì tó ní bátìrì 9 V, ẹ kọ́kọ́ dán Passive wò. Bí ohùn bá ṣì ń ha lẹ́yìn tí ẹ ti rọ Gain wálẹ̀ dáadáa, ẹ gbé e lọ sí Active. Ṣùgbọ́n bí béèsì náà kò bá ha tẹ́lẹ̀, tó wá ń ha díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bátìrì ló ń kú lọ, áńpù kọ́ ló jẹ̀bi. Wáyà tí ẹ kì bọ béèsì ló ń tan bátìrì yẹn, nítorí náà bí ẹ bá ti ta á tán, ẹ yọ wáyà kúrò lára béèsì. Bí ẹ bá fi í síbẹ̀ mọ́jú, bátìrì á máa jẹ lọ ní gbogbo òru.

Gain, Volume, Master: kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀ tó báyìí? Bí mo bá gbé gbogbo wọn sókè, ohùn á máa fọ́. Bí mo bá rọ̀ wọ́n wálẹ̀, ohùn kò ní í lágbára mọ́. — Akẹ́kọ̀ọ́ gìtá

Ẹ wo inú áńpù bí ilé oníyàrá méjì. Ohùn tó ń ti gìtá bọ̀ kéré jọjọ. Yàrá àkọ́kọ́ ló ń jí i, tó ń mú un tóbi, ibẹ̀ náà sì ni Bass (ohùn ìsàlẹ̀), Middle (ohùn àárín) àti Treble (ohùn òkè) ti ń tún un ṣe. Yàrá kejì ló ń fún un ní agbára tó lè ti sípíkà síwá sẹ́yìn. Gain wà lẹ́nu yàrá àkọ́kọ́, Master wà lẹ́nu yàrá kejì. Gain ń sọ iye ohùn tí a óò dà sínú yàrá àkọ́kọ́. Bó bá kún àkúnya, ohùn á fọ́. Master ń sọ iye tó máa kọjá sí yàrá kejì nínú ohun tó ti yàrá àkọ́kọ́ jáde, ì báà dára, ì báà ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí rírọ Master wálẹ̀ kì í fi í tún ohùn tó ti fọ́ ṣe. Kó tó dé ọ̀dọ̀ Master ló ti fọ́.

Volume ló ń da orí èèyàn rú jù, nítorí bó ṣe wu ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń lò ó. Lórí áńpù tí kò ní Gain rárá, Volume ló ń ṣe iṣẹ́ Gain. Lórí áńpù tó ní ìkànnì méjì, ọ̀kan fún ohùn mímọ́, èkejì fún ohùn híha, Volume ìkànnì kọ̀ọ̀kan wà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde yàrá àkọ́kọ́. Ẹ fi í mú kí ìkànnì méjèèjì dọ́gba ní etí, kí ẹ wá máa fi Master gbé àpapọ̀ wọn sókè sódò.

Bí ẹ óò ṣe tò ó fún ohùn mímọ́ nìyí. Kí ẹ tó tan iná, ẹ yí Gain àti Master sí 0, ẹ fi Bass, Middle àti Treble sí agogo 12, ìyẹn ni pé kí àmì orí nọ́ọ̀bù dojú kọ òkè gan-an. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ wá tan áńpù. Bó bá jẹ́ onítúùbù, ìyẹn áńpù tó ń lo túùbù onígíláàsì dípò tàràǹsísítọ̀, tó sì ní súìṣì Standby, ẹ jẹ́ kí túùbù gbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó ṣí Standby. Ẹ gbé Master dé agogo 9, ẹ ṣí Volume ara gìtá tán. Lẹ́yìn èyí, ẹ ta gìtá náà bí ẹ ó ṣe ta á nígbà tí ara yín bá gbóná jù lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: wọ́n á fi ìka rọra gbá okùn nígbà ìdánwò, nígbà tó bá wá di ojú agbo, wọ́n á fi gbogbo ọwọ́ kọ lù ú. Bí ẹ ti ń ta á, ẹ máa gbé Gain sókè díẹ̀díẹ̀ títí iná pupa tí wọ́n kọ Clip tàbí Peak sí á fi máa ṣẹ́jú nígbà tí ọwọ́ bá le jù lọ, kí ẹ wá dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Bí áńpù yín kò bá ní iná yẹn, ẹ tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ ìró kọ̀ọ̀kan: ibẹ̀ ni ohùn ti kọ́kọ́ máa ń ha, kó tó kan ìyókù. Lẹ́yìn Gain ló wá kan Master, tí ẹ óò gbé dé bí ibi tí ẹ wà ṣe tóbi tó.

Bó bá jẹ́ ohùn híha lẹ fẹ́, ẹ yí i padà: Gain lọ sókè, Master wá sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé Gain ju bó ti yẹ lọ ṣá. Bí Gain ti ń pọ̀ sí i ni ìtajẹ́jẹ́ àti ìtale ń dọ́gba, tí ìkùn iná náà ń ga sí i pẹ̀lú.

Nítorí wáàtì, níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè rẹ̀ fara hàn nínú lẹ́tà mẹ́rin: áńpù 100 wáàtì kì í dún ní ìlọ́po méjì áńpù 50 wáàtì. 3 dB péré ló fi jù ú lọ. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, ó máa ń tó nǹkan bíi 10 dB, ìyẹn sì ń béèrè wáàtì ìlọ́po mẹ́wàá.

Nílé, ohùn gìtá mi máa ń dùn bí oyin. Bí ìlù, béèsì àti akọrin bá ti wọlé báyìí, n kì í gbọ́ ara mi mọ́. Bass àti Treble mi wà ní 8, Middle wà ní 2. Ṣé kí n lọ ra áńpù tó tóbi jù ú ni? — Onígìtá ẹgbẹ́ akọrin

Ẹ má tíì náwó. Middle tí ẹ rọ̀ wálẹ̀ sí 2 yẹn gan-an ni ibùgbé gìtá.

Okùn tó nípọn jù lára gìtá ń dún ní 82 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti béèsì ń dún ní 41 Hz. Gbogbo agbára tí ẹ bá fi Bass kó sí ìsàlẹ̀, inú ilé oníbéèsì àti ìlù ńlá lẹ ń dà á sí. Wọ́n sì lágbára níbẹ̀ jù yín lọ. Treble tí ẹ gbé sókè, àwo ìlù tó ń dún ṣàn-ìn ṣàn-ìn á bò ó. Ibi tí etí ti ń dá gìtá mọ̀ láàrin ẹgbẹ́ wà láti nǹkan bíi 400 Hz dé 3 kHz (3,000 Hz), ibẹ̀ ló sì ṣófo báyìí. Nílé, ẹ kò mọ̀ pé ó ṣófo nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń dún.

Nígbà ìdánrawò tó ń bọ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń lu, ẹ fi Master sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ rọ Bass wálẹ̀ sí 4, Treble sí 5, ẹ gbé Middle lọ sí 6 tàbí 7. Bí ẹ bá dá ta á lásìkò yẹn, á dà bí ohùn ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Àárín ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, níbẹ̀ ni yóò ti jókòó sí àyè rẹ̀. Bí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Contour, Shape tàbí Scoop sí bá wà lójú áńpù yín, ẹ wò ó bóyá ó wà ní títẹ̀: gbígbẹ́ kòtò sí àárín ohùn ni iṣẹ́ púpọ̀ nínú wọn.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ irú nọ́ọ̀bù ohùn tó wà lójú áńpù yín, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Irú àkọ́kọ́ ń yọ ohùn kúrò nìkan, kò lè fi kún un. Òun ló wọ́pọ̀ lára áńpù gìtá onítúùbù. Lórí irú èyí, agogo 12 lórí nọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò túmọ̀ sí pé ohùn wà bó ṣe wá. Kòtò kan ṣì wà láàrin rẹ̀, ní àyíká 400 sí 600 Hz. Irú kejì ní ibi kan láàrin tó máa ń mú ọwọ́ tíkí bí ẹ bá yí i débẹ̀. Ibẹ̀ ni odo rẹ̀: bí ẹ bá yí i sọ́tùn-ún, ó ń fi kún ohùn, bí ẹ bá yí i sósì, ó ń yọ kúrò, pẹ̀lú bíi 12 tàbí 15 dB. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ yí Bass, Middle àti Treble sí 0 pátápátá kí ẹ ta okùn kan. Bí ohùn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, irú àkọ́kọ́ ni.

Lórí irú kejì, fífi kún Bass ń ná áńpù ní owó ńlá. Ẹ rántí pé 10 dB jẹ́ agbára ìlọ́po mẹ́wàá. Oníbéèsì tó gbé Bass sókè pẹ̀lú 10 dB ń sọ fún áńpù kó wá agbára ìlọ́po mẹ́wàá fún ohùn ìsàlẹ̀. Kì í rí i, ohùn á sì máa fọ́. Nítorí náà, yíyọ kúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ máa rò. Bí ohùn kò bá mọ́ tó, ẹ dín Bass kù ná kí ẹ tó fọwọ́ kan Treble. Bó bá dún bí ohùn inú ìkòkò, láàrin 200 àti 400 Hz ni ẹrù ti pọ̀ jù; bí áńpù yín bá ní nọ́ọ̀bù Low Mid, òun ni kí ẹ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀bù. Sípíkà gìtá ń ju ohùn gooro síwájú tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Bí áńpù bá wà nílẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ yín, orúnkún yín ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ń bá, ẹ óò wá máa gbé Treble sókè títí etí ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán á fi máa ro. Ẹ gbé áńpù sórí àga tàbí kí ẹ dà á sẹ́yìn díẹ̀, kó kọjú sí etí yín. Ẹ má sì fi í há igun ògiri, torí igun ń mú kí ohùn ìsàlẹ̀ wú.

Kí ni ìyàtọ̀ Bright àti Presence? Àwọn méjèèjì ń mú ohùn mọ́ ni.

Ọ̀kan ń bẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, èkejì ní òpin rẹ̀. Bright wà lára Volume tàbí Gain: bí nọ́ọ̀bù yẹn bá wà nílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń hàn gan-an, bí ẹ ṣe ń gbé e sókè ni ó ń rọlẹ̀, tó bá fi máa dé 10, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó wúlò fún ẹni tó ń ta gìtá jẹ́jẹ́. Presence wà nínú yàrá kejì, lẹ́yìn Master, ó sì ń mú kí òkè ohùn jáde síta. Ẹ tò ó kẹ́yìn, nígbà tí áńpù bá ti ń dún bó ṣe máa dún lójú agbo.

Ẹlòmíràn béèrè ìdí tí Vibrato áńpù rẹ̀ àtijọ́ kò fi ń mú ohùn gooro sí i, kó tún rinlẹ̀ padà. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i ló ṣì í lọ́nà. Tremolo ni: ó ń mú kí ohùn pọ̀ sí i, kó tún dín kù, kò fọwọ́ kan bí ohùn ṣe gooro tó. Speed ni bó ṣe ń yára tó, Intensity tàbí Depth ni bó ṣe ń jinlẹ̀ tó.

Ihò Send àti Return wà lẹ́yìn áńpù mi. Kí ni wọ́n wà fún? Bí mo bá ki pẹ́dàlì Delay, àpótí kékeré tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, sáàrin gìtá àti áńpù, gbohùngbohùn rẹ̀ máa ń dàrú mọ́ ara wọn. — Aládùúrà orin

Àárín yàrá méjèèjì ni Send àti Return wà. Send ń gbé ohùn tó ti yàrá àkọ́kọ́ jáde síta, Return ń dá a padà sí yàrá kejì. Lọ́nà tí ẹ ń gbà lò ó, Delay ń dá ohùn ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí Gain tó wá fọ́ gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Ẹ so Send mọ́ ihò ìwọlé Delay, ihò àbájáde Delay mọ́ Return. Ohùn ti ha tán kí Delay tó máa dá a ṣe, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan á sì dá dúró. Reverb, tó ń mú ohùn dún bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn ńlá, ibẹ̀ náà ló yẹ. Pẹ́dàlì híha àti Wah, iwájú áńpù ni kí wọ́n wà.

Bí súìṣì −10 àti +4 bá wà níbẹ̀, −10 ni ti pẹ́dàlì. +4 lágbára jù fún un, á máa ha.

Ihò Return yìí tún máa ń fa àìsàn kan tó ń kó àníyàn báni: ohùn á máa lọ, á máa bọ̀, tàbí kó rẹlẹ̀ lójijì, bí ẹ kò tilẹ̀ so nǹkan kan mọ́ ọn. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú ihò náà tó máa ń so yàrá méjèèjì pọ̀ nígbà tí wáyà kò bá sí níbẹ̀. Bí eruku tàbí ìpẹtà bá bò ó, ọ̀nà á dí. Ẹ fi wáyà kúkúrú kan so Send mọ́ Return. Bí ohùn bá padà bọ̀ sípò, ẹ ti mọ ibi tó ń ṣe é: ẹ pa iná, ẹ fín oògùn tí wọ́n fi ń nu ojú iná (contact cleaner) sórí ẹnu wáyà, ẹ ki wáyà náà bọ Return, ẹ fà á yọ, bíi ìgbà mẹ́wàá.

Áńpù gìtá nìkan la ní. Ṣé kíbọ́ọ̀dù lè gbà á kọjá?

Ó lè gbà á, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á bò. Sípíkà gìtá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún mọ́ bí ohùn bá ti kọjá nǹkan bíi 5 kHz, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ohùn kíbọ́ọ̀dù ń lọ jìnnà ju ibẹ̀ lọ. Bí áńpù bá ní Return, ẹ ki kíbọ́ọ̀dù bọ ibẹ̀ dípò iwájú, kó lè fo yàrá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún gìtá. Ihò L/Mono ni kí ẹ lò lára kíbọ́ọ̀dù, torí bí ẹ bá lo R nìkan, ìdajì ohùn dùùrù lè má jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Volume kíbọ́ọ̀dù ní 0, torí lórí ọ̀pọ̀ áńpù, ohùn tó gba Return wọlé ń fo Master náà, Volume kíbọ́ọ̀dù nìkan ló máa kù láti fi dín ohùn kù. Ẹ má fi ọwọ́ òsì lu ohùn ìsàlẹ̀ kíkankíkan. Sípíkà gìtá kò gbé e.

Áńpù mi ń kùn hùùùù láti ìgbà tí mo ti tan án. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gé ẹsẹ̀ kẹta ẹnu wáyà iná rẹ̀, pé á dákẹ́. — Olùkà yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ni ẹ́ẹ̀tì, òun ló ń gbé iná lọ sílẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú áńpù. Bí ẹ bá gé e, okùn gìtá tí ẹ fọwọ́ dì mú lè gbé iná pa yín, pàápàá bí ètè yín bá kan maíìkì tí wọ́n so mọ́ ibòmíràn. Bí iná bá ti ń ta yín díẹ̀ lọ́wọ́ tàbí lẹ́nu báyìí, ẹ pa gbogbo rẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa iná kó wo ẹ́ẹ̀tì ilé náà.

Bí kò bá sí èyí, ẹ wá ibi tí ìkùn náà ti ń wọlé. Ẹ yọ wáyà gìtá kúrò lára áńpù. Bó bá ṣì ń kùn bákan náà, inú áńpù tàbí iná ilé ló ti ń wá. Ẹ gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì míràn, ẹ pa iná tó ní nọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ gbé ṣájà fóònù jìnnà. Bó bá dákẹ́, ẹ ki wáyà padà, ẹ yí Volume ara gìtá sí 0. Bí ìkùn náà bá dákẹ́ nígbà yìí, ojú irin tó ń gbọ́ okùn lára gìtá ló ń gbà á láti afẹ́fẹ́. Ẹ ṣí Volume padà, kí ẹ wá rọra yí ara yín káàkiri lórí ìdúró: ìkùn á máa ga, á máa rẹlẹ̀, ibì kan á sì wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Bí Volume bá wà ní 0 tó ṣì ń kùn, ẹ pààrọ̀ wáyà.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ so áńpù mọ́ míkísà nìkan ló ń kùn, ẹ́ẹ̀tì méjì ló ń bá ara wọn jà. Ẹ kó áńpù àti míkísà sójú iná kan náà. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ tẹ súìṣì Ground Lift tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò DI, ìyẹn ihò tí ohùn ń gbà láti áńpù lọ sí míkísà. Wáyà ohùn nìkan ló ń já ẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀, ẹ́ẹ̀tì iná ṣì wà ní ipò rẹ̀.

Wọ́n kọ “Min 4 ohm” sẹ́yìn áńpù mi tó jẹ́ onítàràǹsísítọ̀. Sípíkà inú rẹ̀ jẹ́ 8 ohm. Ṣé mo lè fi sípíkà 8 ohm míràn kún un? Ṣé wáyà gìtá lè so ó?

Ẹ lè fi kún un. Ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Bí sípíkà méjì tó dọ́gba bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ihò ẹ̀yìn áńpù ṣe sábà máa ń so wọ́n, ohm wọn ń di ìdajì: 8 àti 8 di 4, 16 àti 16 di 8. Mẹ́ta oní 8 á di nǹkan bíi 2.7, áńpù yín kò sì lè gba ìyẹn. Bí ohm ti ń kéré sí i ni iná tó ń ṣàn ń pọ̀ sí i. Áńpù á gbóná, á máa pa ara rẹ̀, tàbí kó jóná. Ohm tó ju 4 lọ kò léwu, agbára ló máa dín kù. Bí ohm tí wọ́n kọ sára sípíkà bá ti parẹ́, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: sípíkà 8 ohm máa ń fi nǹkan bíi 6 sí 7 hàn.

Òfin onítúùbù yàtọ̀: ohm sípíkà gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ yàn lẹ́yìn áńpù mu, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ ta á láé láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀, torí tàǹsífọ́mà ìdí rẹ̀ lè jóná.

Wáyà gìtá kò ṣeé lò níbí o. Òwú bàbà àárín rẹ̀ tín-ín-rín, á sì gbóná. Wáyà sípíkà ní òwú méjì tó nípọn dọ́gba. Ẹ lẹ bébà sára tiyín, torí bí ẹnu wọn ṣe jọra ló ń fa àṣìṣe.

Bí mo bá yí Volume, ó máa ń ta kàràkàrà. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Eruku ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ pa áńpù, ẹ fa wáyà iná yọ, ẹ fa orí nọ́ọ̀bù náà jáde. Ẹ wá oògùn ojú iná tó ní ọ̀rá díẹ̀ nínú, kì í ṣe epo tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà. Ẹ fín ín díẹ̀ sí ìdí ọ̀pá nọ́ọ̀bù, kí ẹ wá yí i láti òpin dé òpin ní ogún ìgbà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó tan iná. Bí oògùn kò bá wọlé láti ìta, ẹni tó lè tú onítàràǹsísítọ̀ lè ṣí i, kó fín in sí ihò kékeré tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀bù. Onítúùbù ni kí ẹ má ṣí fúnra yín. Iná tó ju 300 V lọ lè sùn sínú kàpásítọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti fà á yọ; ẹ gbé e fún oníṣẹ́.